Ọwọ́ Tí Kò Yún Àyọ̀ká

Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí nínú wa. Ẹnu ọmọdé pàápàá ti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rò ó wò. Ta ni wọ́n ń bá wí? Làpálàpá kì í pa ènìyàn. Ẹ̀tẹ̀ rèé, a máa jẹ ìka, a máa jẹ imú, a sì máa lé ọmọ ènìyàn kúrò láàárín ẹbí rẹ̀ lọ sínú igbó. Ta ni ojú rẹ̀ wá fọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí yóò rí méjèèjì pọ̀, tí yóò sì lọ dojú kọ làpálàpá? Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà kì í ka ohun tí ẹnì kankan kò ṣe rí léèwọ̀.

Ẹnì kan ti ṣe é. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀, aláró ni ní ìlú Òkè-Ẹlú. Kò fọ́jú, kò sì gọ̀. Àníyàn ló bò ó lójú.

Ọjọ́ tí ìròyìn pé oníṣègùn wọ ìlú dé ọgbà aró rẹ̀, ó ti fi ọjọ́ kan pẹ́. Ìbídùn kúnlẹ̀ sí ìdí agbada, ó ń fi omi ewé ejìnrìn wẹ Tanímọ̀la ajá rẹ̀, nígbà tí Akínfẹ́nwá ahunṣọ gbé òwú tó fẹ́ kó bá òun rẹ wọlé. Ìbátan ọkọ Ìbídùn tó ti kú ni Akínfẹ́nwá, nítorí náà obìnrin náà kì í pe orúkọ rẹ̀. Eyínafẹ́ ló ń pè é, nítorí àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀.

"Ìyàwó, níbo lo wà lánàá?"

"Igbó odò ni, Eyínafẹ́. Mo lọ bó èèpo igi tí n ó sè fún ajá mi."

"Ó mà ṣe o! Bàbá Ewéjẹ́ wá síbí lánàá. Abẹ́ igi ọ̀dán ló jókòó sí títí oòrùn fi yẹ̀. Gbogbo ẹni tí nǹkan ń ṣe lára ló lọ bá a. Ó ti lọ."

Ọwọ́ Ìbídùn dúró lẹ́yìn ajá. Bàbá Ewéjẹ́ ni oníṣègùn tó mọ àrùn awọ ara ju ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo agbègbè yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń gba Òkè-Ẹlú kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó bá sì ti lọ, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

"Àyọ̀ká!" ó pariwo sí àbúrò rẹ̀ tó ń ro aró nídìí ìkòkò. "Bàbá Ewéjẹ́ wọ ìlú yìí, o ò sì mú Tanímọ̀la lọ bá a?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ní n má kúrò nídìí aró. Ẹ ní bí n bá gbẹ́sẹ̀ báyìí, aró á kú, kò ní mú aṣọ mọ́." Àyọ̀ká fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kiri, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀. "Èmi gan-an fẹ́ lọ bá a."

"Kí ni ìwọ fẹ́ lọ ṣe?"

"Ọwọ́ mi yìí náà ni."

Ìbídùn mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Láti àsìkò òjò, nígbà tí wọ́n ń kórè ẹlú, ewé aró, ni ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ fi hàn án, àmì kan tó funfun díẹ̀ ju ara yòókù lọ, ní ọrùn-ọwọ́ òsì. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ọwọ́ aláró ṣe máa ń rí: dúdú minijọ títí dé ìgúnpá. Ìbídùn wo àmì náà bí aláró ṣe ń wo aṣọ. Ó ní, "Ibi tí aró kò mú ni. Ṣé ó ń yún ọ?" Àyọ̀ká ní kò yún òun. Ó ní kò dun òun pẹ̀lú, pé kò tilẹ̀ ṣe òun ní nǹkan kan. "Ó dáa nígbà náà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ohun tí kò yún ni, kí ló kan ni níbẹ̀?"

Ṣùgbọ́n ti ajá ń yún un. Ó ń yún un débi pé gbogbo ilé kò sinmi. Ikùn rẹ̀ pọ́n bí osùn, irun abẹ́ apá rẹ̀ ti re tán, ó sì máa ń fi ẹ̀yìn ha ògiri títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Làpálàpá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìbídùn ti fi àdí pa á, ó ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó ti fi ewé asùnwọ́n ra á lára. Yóò fúyẹ́ díẹ̀, yóò tún padà. Àwọn ará àdúgbò sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí ó lé e lọ, kó má baà kó o ran ajá tiwọn.

Bẹ́ẹ̀, ajá yìí kì í ṣe ajá lásán lójú rẹ̀. Òun ló wá a délé lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kò bọ̀ láti ìgbẹ́ ọdẹ. Òun ló fi eyín fa ìró rẹ̀ títí ó fi dé ibi tí òkú wà. Ìbídùn kò bímọ. Nígbà mìíràn, bó bá ń wo omi aró tó ń yípo, ó máa ń dà bíi pé ọkọ rẹ̀ dúró létí ọgbà, ajá nìkan ló sì rí i tó ń jùrù. Bí ajá náà bá lọ, ta ni yóò tún bá òun mọ̀ pé ọkùnrin náà gbé ayé rí?

"Ibo ni Bàbá gbà?" ó bi Akínfẹ́nwá.

"Ó ní Ìdí-Òòró ni òun ó sùn. Mo ń kó aṣọ lọ síbẹ̀ lọ́la."

"A ó jọ lọ ni. Àyọ̀ká, ìwọ ni yóò bá mi ru ẹrù. Aró á dúró dè wá títí di ìrọ̀lẹ́."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni wọ́n bọ́ sọ́nà. Òkè ga, ó sì tètè rẹ ajá, ni Ìbídùn bá fi ọ̀já pọ̀n ọ́n. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti odò rí wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ọmọ o! Ọmọ yín mà nírun lára o!"

"Kò nírun mọ́," ni Akínfẹ́nwá dáhùn. "Ìyẹn gan-an ló gbé wa jáde."

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí ajá ti ń mí, ó sì ń bẹ̀rù kí Bàbá má tún ti kọjá. Àyọ̀ká ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ẹrù lórí, kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n bá Bàbá Ewéjẹ́ ní Ìdí-Òòró, lábẹ́ àtíbàbà kan, níbi tí ìkòkò àgbo ti ń hó lórí ààrò. Arúgbó ni, ó tín-ínrín, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ẹni tó bá ń wò. Ó gbé ajá sílẹ̀, ó tú irun rẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ̀.

"Níbo ni ajá yìí ń sùn?"

"Nídìí ààrò tí a ti ń sun eérú aró, Bàbá. Ó fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Kì í ṣe làpálàpá. Eérú ló ń bá ara rẹ̀ jà. Ìrì á sẹ̀ lé e lórí, eérú á di omi, omi náà á máa jẹ ẹ́ níkùn. Ara ajá mìíràn lè gbà á, ara tirẹ̀ kò gbà á. Bí o bá fi àdí pa á lónìí, ṣé kì í padà lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́?"

"Ibẹ̀ náà ni, Bàbá."

"Yé bó èèpo igi kiri. Dí ìdí ààrò. Tẹ́ ẹní fún un níbòmíràn, fi omi tútù ṣan eérú kúrò lára rẹ̀, kí o máa fi òrí ra ibi tó pọ́n. Bó bá tún dùbúlẹ̀ sínú eérú, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí o wẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kó pẹ́. Yóò máa wá, yóò máa lọ, ṣùgbọ́n kò ní pa á."

Omi bọ́ lójú Ìbídùn. Ó gbá ajá mọ́ra. Bàbá yíjú sí Àyọ̀ká: "Ọmọ, bá mi ti igi yẹn síná."

Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀, ó ti igi, ó sì dúró báyìí, ọwọ́ òsì rẹ̀ lára ìkòkò àgbo, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ajá, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn sí ìdùnnú wọn. Ìbídùn ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà, ó rò pé ẹnì kan ń sun ẹran. Ajá já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún wúwú, ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọwọ́ Àyọ̀ká.

"Ọmọ," ni Bàbá wí, jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ rẹ wà lára ìkòkò."

"Háà! Ẹ má bínú, Bàbá." Ó fa ọwọ́ kúrò bí ọmọ tí wọ́n bá wí, kì í ṣe bí ẹni tí iná jó. Awọ ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó wò ó, ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán.

Bàbá ní kó dijú. Ó mú ìyẹ́ adìyẹ, ó fi kan apá rẹ̀ òkè. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?" "Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá." Ó fi kan àtẹ́lẹwọ́. "Mo mọ̀ ọ́n." Ó fi kan àmì tó wà lọ́rùn-ọwọ́, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó. Àyọ̀ká dákẹ́, ó ń retí. Bàbá yí ìdí ìyẹ́ padà, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ibẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣì dijú, ó ń retí.

"Bàbá, ẹ ò tíì fi kàn mí."

Ìbídùn yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ọjọ́ méjì péré la fi pẹ́. Ìjẹta lẹ wà lọ́dọ̀ wa."

"Ìgbà wo ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ yìí hàn ọ́?"

"Ìgbà... ìgbà tí a ń kórè ẹlú."

"Kì í ṣe ọjọ́ méjì lẹ fi pẹ́ nígbà náà." Kò pariwo. "Ẹ pọn ohun tí ẹ ń pè ní làpálàpá gun òkè wá bá mi, ẹ wá di ẹrù ru ẹ̀tẹ̀, kó máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn."

Akínfẹ́nwá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ojú sì tì í pé òun sún.

Bàbá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò fi bò. Abà tí òun ti ń tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ wà lẹ́yìn odò. Àwọn kan tí òun tètè rí, àrùn náà kò tàn kálẹ̀ mọ́ lára wọn. Òun kò sì lè ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọ iná, ojú ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ máa bá a ṣọ́ ọ, àárọ̀ àti alẹ́, kí iná àti ẹ̀gún má baà jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá sì bá a wọ abà, ìlú kò ní gbà á padà títí òun yóò fi tú àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ajá kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, torí egbò.

Àyọ̀ká ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ sílé. Aró yín á kú. Ta ni yóò máa gbọn eérú kúrò lára Tanímọ̀la?"

Ìbídùn wo ajá. Ajá wò ó, ó ń jùrù. Ó wo ọ̀nà òkè tí wọ́n gbà wá, ó rí ọgbà rẹ̀ lọ́kàn, omi aró tó ń yípo, ẹnì kan tó dúró létí ọgbà. Lẹ́yìn náà ó tú ọ̀já, ó fi lé Akínfẹ́nwá lọ́wọ́.

"Eyínafẹ́, má jẹ́ kó sùn lórí eérú."

"Aró ńkọ́, ìyàwó?"

"Jẹ́ kó kú."

Akínfẹ́nwá ló pọn ajá padà sí Òkè-Ẹlú. Àwọn obìnrin odò tún kí i kú ọmọ, ó kàn tẹsẹ̀ mọ́rìn. Nígbà tí ará ilé sì bi í pé àwọn aláró dà, ohun kan ṣoṣo ló rí sọ: "A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá." Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n sọ ọ́ di ìkìlọ̀. Nítorí làpálàpá a máa yún, a máa pariwo, a máa gba gbogbo ojú ilé. Ẹ̀tẹ̀ kì í ké, ń ṣe ló máa ń dákẹ́ ru ẹrù tẹ̀ lé ni. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń sọ fún wa títí dòní pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ṣùgbọ́n kí Akínfẹ́nwá tó yí ẹ̀yìn padà lọ́jọ́ náà, ó gbọ́ ohun tí Ìbídùn sọ. Ó di ọwọ́ òsì àbúrò rẹ̀ mú, níbi tí ọmọbìnrin náà kò ti lè mọ̀ pé wọ́n di òun mú, ó sì dúró títí Àyọ̀ká fi wolẹ̀ rí i.

"Àyọ̀ká, mo ń bá ọ wọ abà. Ọjọ́ tí o bá jáde ni èmi náà yóò jáde."