Ìdí tí Akíka fi ń Tọ́ Ilẹ̀ Wò

Nígbà láéláé, akíka kò ní ìpẹ́ kankan lára. Awọ rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́ bí etí ewúrẹ́. Ó ní eyín funfun lẹ́nu, ó sì ní ohùn tó fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, títí kan ènìyàn. Ẹni tó bá rí akíka òde òní lè sọ pé irọ́ ni. Irọ́ kọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí kí àwọn kan tó wá ba nǹkan jẹ́.

Inú Igbó Ìsádi ni Akíka ń gbé. Òfin tí igbó náà fi ń dáàbò bo ẹranko kò ju ẹyọ kan lọ: ẹranko tó bá ti kọjá màrìwò tí wọ́n so sí ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e mọ́. Ọdẹ tó ń sáré bọ̀ tòun ti ọfà lọ́wọ́ á dúró síbẹ̀, á nu òógùn ojú rẹ̀, á yí padà sílé. Àwọn tí kò pọ̀ mọ́ láyé ló sá wọ ibẹ̀. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, òun ni olórí wọn. Ìnàkí àti àwọn ará ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Òdídẹrẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi náà wà níbẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Akíka bí. Àwẹ̀ró ló pe orúkọ rẹ̀. Akíka kì í bí ìbejì, kì í sì í tètè bí òmíràn. Bí nǹkan bá ṣe Àwẹ̀ró, a jẹ́ pé ilé Akíka ti parẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ Akíka ni láti máa mójú tó ilẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ ṣe ohunkóhun nínú igbó náà, ìbáà ṣe igi gbígbẹ ló fẹ́ ṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ mulẹ̀ ná. Akíka á fi èékánná họ ilẹ̀ díẹ̀, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò kó lè mọ̀ dájú pé ilẹ̀ Ìsádi ni, á pò ó mọ́ omi nínú igbá, àlejò á sì mu ún níṣojú gbogbo ẹranko. Bí ẹni náà bá wá dalẹ̀, ilẹ̀ tó mu ni yóò mú un. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ọjọ́ kan ni Jẹ́gẹ́dẹ́ dé. Ará Ìsàlẹ̀-Odò ni, ìlú kan tó ń mu nínú odò tó ń ṣàn jáde láti inú igbó náà. Ó ti rí iyanrìn tó ń dán nínú omi, ó sì mọ̀ pé wúrà ni. Ló bá ń tọ odò náà bọ̀ títí ó fi dé ibi tó ti ń sun. Nígbà tó rí Ẹfọ̀n, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà igbó," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, kòtò kan ni mo fẹ́ gbẹ́. Kòtò kan ṣoṣo! Kò ní fẹ̀ ju ẹnu ìkòkò lọ."

Ẹfọ̀n mí kanlẹ̀. "Ṣé wàá mulẹ̀?"

"Ha, Bàbá, ṣé ẹ tún ń bi mí ni?" Jẹ́gẹ́dẹ́ fa akèrègbè kékeré kan yọ lábẹ́ aṣọ. "Mo ti bu ilẹ̀ dání. Ẹnu ọ̀nà yín níbẹ̀ yẹn ni mo ti bù ú. Mo gbọ́ pé ìyá wa ń tọ́mọ lọ́wọ́, mo ní kí n má dà wọ́n láàmú."

Òótọ́ ni, Àwẹ̀ró ń mu ọmú lọ́wọ́. Akíka nawọ́ gba akèrègbè náà.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ tọ́ ọ wò o!" Òdídẹrẹ́ ń pariwo láti orí igi. "Ẹ tọ́ ọ wò! Ẹ tọ́ ọ wò!"

Ojú ti Akíka. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ báyìí, tó ń pe ni ní ìyá, ṣé ká wá máa tọ́ ohun tó mú wá wò lójú rẹ̀ bí ẹni pé olè ni?

"Òdídẹrẹ́, panu mọ́," ló wí. "A kì í fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo àlejò tó mọ ẹ̀kọ́."

Ó da ilẹ̀ náà sínú igbá, ó pò ó mọ́ omi. Kò tọ́ ọ wò. Ìfura ni oògùn àgbà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, ìtìjú ni Akíka lò dípò oògùn.

Jẹ́gẹ́dẹ́ gbé igbá sẹ́nu, ó mu ún tán pátápátá. "Bí mo bá gbẹ́ ju kòtò kan lọ," ló wí, "kí ilẹ̀ tí mo mu yìí mú mi."

"Àṣẹ!" ni gbogbo ẹranko dáhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ogójì ọkùnrin ló tẹ̀ lé Jẹ́gẹ́dẹ́ wá, tòun ti dígà àti ṣọ́bìrì. Wọ́n fi àdá bẹ́ màrìwò ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi di ẹrù. Ẹ gbọ́ o: màrìwò tí ọdẹ kò lè kọjá, àwọn wọ̀nyí fi di ẹrù! Wọ́n gbẹ́ kòtò kìíní, wọ́n gbẹ́ ìkejì. Kó tó di ọjọ́ karùn-ún, kò sẹ́ni tó lè ka kòtò mọ́. Wọ́n gé igi tí ihò Òdídẹrẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹyin mẹ́ta sì fọ́ mọ́lẹ̀. Omi odò tí wọ́n ti ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ìnàkí kó àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n wọ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n forí lé.

Inú bí Ẹfọ̀n débi pé ìwo rẹ̀ ń gbọ̀n. "Jẹ́gẹ́dẹ́! O mulẹ̀! Ojú gbogbo wa lo ti mulẹ̀!"

Jẹ́gẹ́dẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Kò dọ̀bálẹ̀ mọ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní bàbá. "Ilẹ̀ wo?" ló bi í. "Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ni mo bù wá láti Ìsàlẹ̀-Odò. Ilẹ̀ tiyín kò mọ̀ mí rí. Kúrò lọ́nà, màlúù igbó!"

Akíka gbọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbá a létí. Ahọ́n rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, Òdídẹrẹ́ sì pariwo títí. Kò tọ́ ọ wò, nítorí pé ẹnìkan kí i dáadáa.

Nígbà tó yá, wọ́n dé ẹnu ihò rẹ̀. Wọ́n ti rí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán níbẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti họ jáde nígbà tó ń wá èèrà. Ó jáde sí wọn.

"Ẹ ti gba gbogbo igbó," ló wí. "Ẹ fi ibi kan yìí sílẹ̀ fún mi. Ọmọ mi ń sùn nínú ilé. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ọmọ kan ṣoṣo, kòtò kan ṣoṣo," ni Jẹ́gẹ́dẹ́ dáhùn, àwọn tó tẹ̀ lé e sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbẹ́ ẹ!"

Akíka sá wọlé padà. Bí dígà àkọ́kọ́ ti wọlẹ̀ báyìí, ògiri ihò ya lulẹ̀. Ó fa Àwẹ̀ró mọ́ àyà, ó fi orí pamọ́, ó fi ìrù dì í yíká, ó sì fi ẹ̀yìn gba gbogbo rẹ̀. Ẹrẹ̀ dà lé e. Àfọ́kù òkúta pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ń dà lé e, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbínú ń jó o nínú, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ẹrẹ̀ sì ń gan mọ́ ọn lára bí ìkòkò tí wọ́n ń sun. Ó payín keke. Ó lọ̀ wọ́n mọ́ra wọn títí tí wọ́n fi rún di ìyẹ̀fun, títí tí ohùn rẹ̀ fi wọlé lọ tí kò jáde mọ́.

Dígà bà á lẹ́yìn. Gbàn-ín! Irin ṣẹ́. Wọ́n gbé òmíràn. Gbàn-ín! Ìyẹn náà ṣẹ́.

"Òkúta lásán ni," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nínú òkúta lásán náà, Àwẹ̀ró ń mí.

Wọ́n kó wúrà, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú orin. Lẹ́yìn náà ni òjò dé.

Igbó Ìsádi kò ní gbòǹgbò tí yóò di ilẹ̀ mú mọ́. Gbogbo erùpẹ̀ tí wọ́n hú síta wọ odò lọ, odò sì gbé e lọ síbi tí odò máa ń gbé nǹkan lọ. Ìsàlẹ̀-Odò ló gbé e lọ. Ẹ̀yìnkùlé Jẹ́gẹ́dẹ́, níbi tó ti bu ilẹ̀ sínú akèrègbè, ibẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ ya. Ògiri ilé rẹ̀ tẹ̀ lé e. Oko iṣu rì sábẹ́ ẹrẹ̀, ẹja léfòó, omi kànga pupa, inú sì ń run àwọn ọmọdé.

Ìyá Jẹ́gẹ́dẹ́, arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dúró nínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé orúnkún.

"Jẹ́gẹ́dẹ́, ilẹ̀ wo lo mu lọ́dọ̀ wọn?"

"Ilẹ̀ wa ni, ìyá."

"Ó ti mú ẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó sì mú àwa tí a kò mu ún pẹ̀lú ẹ."

Gbogbo ará ìlú jọ gòkè lọ sí igbó láti lọ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n so màrìwò tuntun. Jẹ́gẹ́dẹ́ dọ̀bálẹ̀ níwájú Akíka, ó bu ilẹ̀ Ìsádi sí àtẹ́lẹwọ́. "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ dákun, ẹ tọ́ ọ wò. Èyí, ilẹ̀ yín gan-an ni. A óò tún mu ún."

"Kòtò kan ṣoṣo!" Òdídẹrẹ́ ń wí lókè orí rẹ̀, pẹ̀lú ohùn Jẹ́gẹ́dẹ́ gẹ́lẹ́. "Kòtò kan ṣoṣo!"

Akíka wo Jẹ́gẹ́dẹ́. Àwẹ̀ró gun ìdí ìrù rẹ̀, ó dì í mú ṣinṣin. Akíka yọ ahọ́n, ó tọ́ ilẹ̀ náà wò. Adùn rẹ̀ àtijọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Irin ló ń ta lẹ́nu. Ó fa Àwẹ̀ró mọ́ àyà, ó ká ara rẹ̀ jọ, ó sì fi àfọ́kù òkúta tó ti di ìpẹ́ lára rẹ̀ kọjú sí gbogbo wọn. Wọ́n pè é títí oòrùn fi wọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni òdídẹrẹ́ ti ń sọ ọ̀rọ̀ ènìyàn padà fún ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà sẹ́ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ wí. Láti ọjọ́ náà ni akíka kò ti ní eyín, tí ahọ́n rẹ̀ gùn, tó ń dorí kodò tọ́ ilẹ̀ wò níbi gbogbo tó bá dé. Láti ọjọ́ náà gan-an ni ìpẹ́ ti bò ó, tó sì ń ká jọ bí ó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ wa.

Àwọn kan ń sọ pé ojo ni, pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Akíka kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Inú ló ń bí i, kò sì tíì dárí jì wá.