Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Òkú

Àrìnpé mọ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ju bí ó ti mọ ojú rẹ̀ lọ. Kì í ṣe àbùkù fún ọkùnrin náà o. Iṣẹ́ wọn ló fà á. Òṣèré alárìnjó ni wọ́n, ẹgbẹ́ kékeré tí kò ju ènìyàn mẹ́sàn-án lọ, tí ń ru ẹrù eré láti ìlú dé ìlú nígbà tí ẹsẹ̀ ẹni ṣì jẹ́ ẹṣin ẹni. Wọ́n ní eré bí mélòó kan, ṣùgbọ́n èyí tí Ọ̀jẹ̀lékè, ọkọ Àrìnpé, jogún lọ́wọ́ baba ńlá rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń pa oúnjẹ tì lórí iná láti wá wò. Eré Balógun ni, akọni tí wọ́n fi aṣọ funfun wé òkú rẹ̀ wálé láti ojú ogun. Ìyàwó rẹ̀ yóò sunkún lé e lórí, ọba yóò pàṣẹ pé kí òkú dìde, òkú yóò sì dìde, yóò na ìka sí ẹni tó pa á. Bí eré bá débẹ̀, ariwo á sọ. Àwọn gbajúmọ̀ ìlú tí ọwọ́ wọn kò mọ́ á sì máa rọra wo ọ̀nà ilé.

Ọ̀jẹ̀lékè ló ń ṣe òkú, Àrìnpé ló ń sunkún. Ẹni tó ń ṣe ọba ni Kékeréowó, ó sì ti ṣe é pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti gbàgbé pé eré ni: bí ó bá dé ìdí àkàrà, ó ń retí kí alákàrà kúnlẹ̀ kí ó tó bù ú fún un. Ìyá Elégbè ló ń ṣáájú orin. Àgbàlagbà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé a lè fi fá orí.

Baba ńlá fi òfin kan ti eré náà lẹ́yìn. Bí òkú bá ti wà nílẹ̀, àwọn elégbè gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Ọba á fi abẹ̀bẹ̀ bojú, nítorí ọba kì í fojú kan òkú, ì báà ṣe òkú eré. Ojú ẹnì kan ṣoṣo ló kù lára òkú, ojú ẹni tó ń sunkún. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fi aṣọ bo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òkú. Bí ó bá mì ín lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́kún á kọjá sí ẹsẹ̀ orin tó kàn. Bí ó bá mì ín lẹ́ẹ̀mejì, èémí ti ń tán nínú aṣọ nìyẹn. Kí ẹkún dá wáí, kí ọba pe òkú dìde. Ọdún méjìdínlógún ni Àrìnpé fi tẹjú mọ́ àtàǹpàkò yìí. Ó mọ èékánná rẹ̀ tó là sí méjì, ó sì mọ àpá òkúta tó wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ikọ́ ti ń bá Ọ̀jẹ̀lékè fínra fún ọdún méjì, ikọ́ burúkú tí ń fọn fèrè láyà ènìyàn. Òkè kékeré tí ewúrẹ́ ń sáré gùn, ó di kí ó jókòó lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó borí rẹ̀. Wọ́n ń gbìyànjú láti dé Ìwáròkè. Ọba ibẹ̀ ti kéde pé òun ń fẹ́ ẹgbẹ́ òṣèré kan tí yóò máa gbé ìlú òun. Ẹgbẹ́ tí eré rẹ̀ bá pa òun lẹ́kún, òun yóò fún wọn ní ilé àti ilẹ̀ oko.

"Bí a bá rí ilé yẹn gbà," Ọ̀jẹ̀lékè wí fún ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà, "mi ò tún rìn mọ́. Iwájú ilé ni màá jókòó sí, màá máa bú àwọn tó ń kọjá."

"Àlàó," Àrìnpé fi oríkì pè é, "ta ni yóò gbà fún ọ?"

"Ta ni yóò na olókùnrùn? Wọn á ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá,' wọn á kọjá."

Àrìnpé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn níwájú, etí rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń ka èémí ọkọ rẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ikọ́, ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ikọ́. Ilé Ìwáròkè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlá lójú rẹ̀. Ibi tí ọkọ rẹ̀ yóò gbé mí ni.

Ìtìjú méjì ni wọ́n sì gbé dé Ìwáròkè. Ní ìlú tí wọ́n ti kúrò, òkú wúkọ́. Àárín gbùngbùn ẹkún ni o! Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín, aláwàdà kan sì ké pé, "Òkú, ẹ kú ewu!" Bí ẹ̀rín yẹn ti ń rọlẹ̀ ni ìyá arúgbó kan, tí kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu, kọjú sí Àrìnpé. "Irú ẹkún wo tiẹ̀ lèyí? Ó ń wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Ṣé jíjẹ ló fẹ́ jẹ ẹ́ ni?" Láti ọjọ́ náà, bí Àrìnpé bá la ẹnu láti sunkún, ẹ̀rín ló ń gbọ́.

Ọ̀la ni wọn yóò ṣeré fún ọba. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánrawò, wọ́n péjọ sábẹ́ igi odán tó wà níwájú ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Kékeréowó dé pẹ̀lú ẹ̀wù oyè lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ẹnìkan kò tí ì ní kí ó wọ̀ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún Ọ̀jẹ̀lékè, "ikọ́ yín yẹn ni yóò gba ilé lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n wé aṣọ ní ìlọ́po mẹ́rin sí yín lẹ́nu. Bí ẹ bá wúkọ́, inú aṣọ ni yóò kú sí."

"Wé e, Kábíyèsí tí kò ní ìlú. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan àtàǹpàkò mi o. Ìyẹn kò sí lábẹ́ ìjọba rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Elégbè kò rẹ́rìn-ín; Àrìnpé ló ń wò.

"Ìwọ náà, ìyàwó, ojú rẹ gbẹ jù. Dijú nígbà tí o bá ń sunkún. Ẹni tó ń sunkún tó tún ń ṣọ́ nǹkan, olè là ń pe irú wọn. Dijú, kí o rántí ìyá rẹ."

"Òfin ńkọ́, Ìyá?"

"Ẹni tó ṣòfin ti kú. Àwa ṣì fẹ́ rílé gbé."

Àrìnpé yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọ̀jẹ̀lékè ti dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn, Kékeréowó ti wé e dé àyà.

"Dán an wò," ni ó wí. "Ìdánrawò ṣáà ni. Kí ojú tiẹ̀ ti ìyá aláìléyín yẹn." Kékeréowó sì wé ẹnu náà. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lẹ́nu Ọ̀jẹ̀lékè láyé nìyẹn, ìyá arúgbó tí kò mọ̀ rí ni ó sì fi bú.

Àwọn elégbè kọ ẹ̀yìn. Ọba fi abẹ̀bẹ̀ bojú. Àrìnpé fúnra rẹ̀ ló fa àtàǹpàkò yọ síta, ó nu iyanrìn ara rẹ̀ nù, ó kúnlẹ̀, ó dijú.

Ó wá ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ti kú láti ogún ọdún, ojú rẹ̀ kò yọ dáadáa mọ́. Àrìnpé bá fi í sílẹ̀. Ọ̀nà ni ó rántí. Ó rí ara rẹ̀ tó ń rìn lọ pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ka ẹsẹ̀ mẹ́wàá, kò gbọ́ ikọ́. Ó ka mẹ́wàá mìíràn, kò gbọ́ ikọ́. Nígbà náà ni omijé dé.

"Balógun, o ní o ń bọ̀ nílé,
Mo gbálẹ̀, mo pọnmi dè ọ́.
Aṣọ funfun wo ló ṣáájú rẹ wọlé?"

Ohùn rẹ̀ kọjá odán, ó bọ́ sí òpópónà. Obìnrin tó ń gún iyán gbé ọmọrí odó dúró. Àwọn tó ń lọ sí oko sọ ẹrù kalẹ̀. Àrìnpé gbọ́ bí agbo ti ń kún, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń fa imú, ó gbọ́ tí Ìyá Elégbè pàápàá, tí kò sunkún níbi òkú ọkọ rẹ̀, ń sunkún lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ó dùn mọ́ ọn. Ẹkún lè dùn, pàápàá tí àwọn ènìyàn bá ń wò ó. Ó kọ ẹsẹ̀ orin náà tán, ó tún un kọ. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi orúkọ ọkọ rẹ̀ gan-an rọ́pò ti Balógun, agbo sì mí ìmí ẹ̀dùn, ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀. Nínú òkùnkùn ojú rẹ̀, ó ti rí ilé, ó ti rí àga níwájú ilé.

Nígbà tó ṣe, ó lajú. Àtàǹpàkò náà dúró jẹ́ẹ́.

"Dìde, Balógun!" Kékeréowó pàṣẹ láti ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀. "Dìde, kí o na ìka sí ẹni tó pa ọ́!"

Òkú kò dìde.

"Òkú yìí mà mọ eré ṣe o," ẹnìkan wí nínú agbo, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

"Mo ní kí o dìde, kí o na ìka sí ẹni tó pa ọ́!"

Àrìnpé kò gbọ́ wọn mọ́. Iyanrìn tó wà nídìí gìgísẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò. Nígbà tí ó kúnlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Nísinsìnyí, poro kan wà níbẹ̀, ó jìn tó ìka méjì, bí ibi tí adìyẹ ti walẹ̀. Àtàǹpàkò ti mì. Gbogbo ẹsẹ̀ ti mì. Gìgísẹ̀ ti walẹ̀ títí ó fi kan amọ̀ pupa, nígbà tí Àrìnpé ń kọrin lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó fò mọ́ ojú ìdè aṣọ. Kékeréowó kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Eyín ni wọ́n fi tú u. Nígbà tí ìlọ́po kẹrin ṣí, ojú Ọ̀jẹ̀lékè là sílẹ̀, ó ń wo Àrìnpé àti ẹ̀ka odán. Kékeréowó ju abẹ̀bẹ̀ nù, ó ká ọwọ́ òkú náà kò mọ́ ọn láyà, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ pinpin, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ìka má lọ na lóòótọ́. Ìyá Elégbè fi ọwọ́ bojú ara rẹ̀. Ẹnu tó lè fá orí kò rí nǹkan kan gé.

Ọba Ìwáròkè kò wá, ọba kì í wo òkú. Ó ránṣẹ́ pé nígbà tí wọ́n ròyìn fún òun, òun sunkún, àdéhùn kò sì yẹ̀: wọ́n ti gba ilé, wọ́n ti gba ilẹ̀. Ìpín Ọ̀jẹ̀lékè nínú ilẹ̀ náà kò ju ìbú ẹní kan lọ. Níbi tí wọ́n ti ń gbé e sọ̀kalẹ̀, Àrìnpé kò jẹ́ kí wọ́n bo àtàǹpàkò náà. Ó ń sunkún, omijé ń bọ́ sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là kedere, kò sì ṣẹ́ ẹ.

"Ìyàwó, dijú," Ìyá Elégbè bẹ̀ ẹ́. "Má wò ó mọ́."

"Mo ti dijú lẹ́ẹ̀kan, Ìyá."

Ó gbé ilé náà títí ó fi darúgbó. Àga wà níwájú ilé, àwọn ènìyàn ń kọjá, kò sí ẹni tó ń bú wọn. Àwọn ọmọbìnrin ń wá láti ìlú mìíràn kọ́ ẹkún eré lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni yóò fi parí. Láti ẹnu àwọn ọmọ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bọ́ sí ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe fún ẹni tí ìbànújẹ́ bá fẹ́ dì lójú pé: bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.