Orógbó Méjì Àwẹ̀ró

Òótọ́ pọ́nńbélé ni ìtàn yìí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ọ̀nà má ṣe gba ẹsẹ̀ ẹni tó kọ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó gba Orí-Àpáta kọjá. Agbo ilé tó ti ṣẹlẹ̀ ti wó, igbó ti bo ògiri, ṣùgbọ́n kànga ẹ̀yìn ilé náà ṣì wà níbẹ̀, omi rẹ̀ sì tutù ju omi ìlú ńlá lọ.

Láyé ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Orí-Àpáta. Odò jìnnà, nítorí náà wọ́n á ti kọ́ ọmọbìnrin bí a ṣe ń ṣọ́ omi àmù lò kó tó mọ iná dá. Ẹ̀kọ́ yìí ni Àwẹ̀ró gbé dé ilé ọkọ, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àkọ́bí rẹ̀.

Ọmú Àwẹ̀ró kéré. Ìyálé rẹ̀, Ìyá Abọ́sẹ̀dé, tí ọmú tirẹ̀ tóbi bí ìbẹ́pẹ, kì í jẹ́ kó gbàgbé. Á ní, "Ìyàwó, obì ni wọ́n ń gbé wọlé ọkọ. Orógbó méjì ni ìwọ gbé wá." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, Àwẹ̀ró náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó bí Àkàngbé, ó gbà pé àmù kékeré ni Ọlọ́run fún òun, àfi kí òun ṣọ́ ọ lò. Bí ọmọ bá sunkún lọ́sàn-án, omi àgbo ni á rọ fún un. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó fi ọmú sí i lẹ́nu.

Omi àmù tí a kò bù kì í dín, ṣùgbọ́n bí Àwẹ̀ró ṣe ń ṣọ́ ọmú lò ni ọmú ń dín. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń le, ó ń ro ó. Nígbà tó yá, ó rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ọrùn Àkàngbé tín-ín-rín bí ọrùn òròmọdìyẹ, àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọlé. Àwọn àgbà ilé wá ní, bí kò bá sí àyípadà títí di ọjọ́ ọjà, Ìyá Abọ́sẹ̀dé tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ni kó gbà á tọ́. Wọn kò rò ó níkà. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró mọ̀ pé ẹni tí ọmọ bá mu ọmú rẹ̀ ni ọmọ á máa pè ní ìyá.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ọ̀jẹ̀dìran, agbẹ́kànga kan tó ń ti ìlú dé ìlú, gbẹ́ kànga kan omi ní ẹ̀yìn ilé. Omi náà kò ju ohun tó bo ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Baálé ní kí wọ́n fi pákó bo kànga náà, kó lè kún. Bàbá arìnrìn-àjò náà ń fi igi yọ amọ̀ lábẹ́ èékánná, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Àmù lẹ rò pé mo gbẹ́ fún yín? Ẹ fà á. Èyí tí ẹ bá fà ló ń pe èkejì. Bí ẹ bá jẹ́ kó sùn, ẹrẹ̀ á dí i lójú."

Wọ́n bá ń fà á. Àwẹ̀ró pọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí kànga, ó ń wò. Omi kò gba ojú kan wá. Ojú wẹ́wẹ́ ló kún ara amọ̀, bí wọ́n ṣe ń fà ni àwọn ojú náà ń là.

Ó wọ yàrá, ó tú aṣọ, ó tẹ awọ dúdú tó yí orí ọmú ká. Ẹ̀kán funfun yọ díẹ̀díẹ̀ láti ojú wẹ́wẹ́ tó wà lórí ọmú, bíi ti ara kànga. Ó yé e wàyí pé ọ̀rá ló ń mú ọmú tóbi, kì í ṣe wàrà, àti pé ọmọ ló ń fa wàrà wá.

Ó da àgbo nù. Bí Àkàngbé bá ti yánu báyìí, ọmú ni á fi sí i lẹ́nu, tòun ti awọ dúdú náà. Ìyá Abọ́sẹ̀dé kọjá, ó ní, "Ìyàwó, orógbó gbígbẹ lò ń fún un lá."

"Ìyálé mi, kò gbẹ," ni Àwẹ̀ró wí. "Ọmọ ló ń gbẹ́ ẹ."

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, Ìyá Abọ́sẹ̀dé na ọwọ́ láti gba ọmọ. Àkàngbé ké. Lójú gbogbo ilé, iwájú aṣọ Àwẹ̀ró rin gbingbin, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìyálé wò ó títí, ó rọra ká ọwọ́ kò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sọ́jà."

Ọ̀jẹ̀dìran ti bá ọ̀nà lọ nígbà náà, kò sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀. Àkàngbé dàgbà, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ náà fẹ́yàwó. Ọmú Àwẹ̀ró ti lẹ̀ mọ́ àyà bí àpò òfìfo lọ́jọ́ tí ìyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé àkọ́bí wá sẹ́bàá ẹní àìsàn rẹ̀, tó ń sunkún pé ọmú òun kéré. Ìyá àgbà fọwọ́ kan ètè ọmọ náà, ó sọ gbólóhùn kan, kò sì tún sọ òmíràn mọ́ láyé. Gbólóhùn yẹn náà ló di òwe lẹ́nu àgbà títí dòní: Ẹnu ọmọ ní í gbẹ́ kànga ọmú.

Ẹnu ọmọ ní í gbẹ́ kànga ọmú.