Ìkànnì Ìbíyẹmí àti Olórin Tí Kò Kọrin

Ìjúbà kọ́ lorin. Bí ẹ bá ń gbé àdúgbò wa ní Ìkìrun, kò sí bí ẹ kò ṣe ní í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Wọ́n ń pa á níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ń pa á níbi tí wọ́n ti ń yan alága ẹgbẹ́, kódà wọ́n ń pa á nílé àna. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ti ṣẹ̀ wá, wọn á ní ayé àtijọ́ ni, pé àwọn akọrin ààfin ló dá a sílẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Òwe yìí kò tí ì hu ewú. Ìdí ìkànnì orí ayélujára ló ti wá, akẹ́kọ̀ọ́ lásán sì ni ẹni tó fà á. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Ìbíyẹmí ni orúkọ ọmọbìnrin náà, iṣẹ́ ọnà ló sì ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí àwọn olùkọ́ wọn yanṣẹ́ lódì, tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, kò jókòó sílé kó máa ka àjà. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Lájídé Átíìsì, ọkùnrin tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń ya àwòrán sára ọkọ̀ akẹ́rù. Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣí padà, kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti dá múṣémúṣé. Òun ló ya adìẹ tó wé gèlè sára pátákó ìyá ẹlẹ́yin kan, àwọn ọmọ iléèwé kì í sì í kọjá níbẹ̀ láìdúró rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà àwọn akọpátákó. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tí ì gba fíríìdọ̀mù kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sára iṣẹ́. Ẹni yòówù kó yà á, “Lájídé Átíìsì” àti nọ́ńbà fóònù ọ̀gá ni yóò wà ní igun pátákó nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ọ̀gá ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló ni ọ̀dà, òun náà ni wọn yóò wá bú bí ọ̀dà bá ṣí.

Ó wá kan àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ fi iṣẹ́ kọ́ra. Ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn tó ń ṣe ìwé aláwòrán fún àwọn ọmọdé kéde pé àwọn ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Láti kékeré ni yíya àwòrán sínú ìwé ọmọdé ti wà lọ́kàn Ìbíyẹmí, kò sì sí ibòmíràn tó wù ú láti lọ. Wọ́n ní kí olúkúlùkù ṣe ìkànnì tirẹ̀ sórí ayélujára, kó kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ kí àwọn lè mọ ẹni tí àwọn yóò mú.

Ìbíyẹmí jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó kó fọ́tò àwọn pátákó tó ti yà síbẹ̀, ìkànnì náà sì dùn ún wò. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó débi tó yẹ kó kọ̀wé nípa ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣé òun yóò wá máa fi ẹnu ara òun yin ara òun ni? Kí ni wọn yóò wí nílé? Ló bá fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀. Ó kí bàbá, ó kí ìyá, ó kí gbogbo olùkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oyè wọn. Ó gbé àwòrán ọ̀gá rẹ̀ gàdàgbà sí iwájú pátápátá, ọ̀gá nínú agbádá ọdún Iléyá, ó sì kọ nọ́ńbà ọ̀gá sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ wà ńbẹ̀ o, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Ó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.

Kò pẹ́ tó fi í ránṣẹ́ tán tí fóònù Lájídé fi dún. Obìnrin kan láti ilé iṣẹ́ náà ló pè. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní àwọn ti rí iṣẹ́ rẹ̀, pàápàá adìẹ onígèlè yẹn, ó sì wu àwọn gan-an. Ó kàn ṣeni láàánú pé akẹ́kọ̀ọ́ làwọn ń wá, kì í ṣe ọ̀gá. Lájídé ní akẹ́kọ̀ọ́ kúkú ló yà á. Obìnrin náà ní àwọn kò rí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan níbẹ̀. Bí ẹni náà bá wà lóòótọ́, kó fi ara rẹ̀ hàn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nítorí àwọn ti fẹ́ mú ẹlòmíràn.

Lájídé ránṣẹ́ pe Ìbíyẹmí. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló wọlé, ó rò pé ọ̀gá fẹ́ dúpẹ́ ni. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo yájú ni. Orúkọ yín ló wà lára gbogbo pátákó, báwo ni mo ṣe fẹ́ ní èmi ni mo yà á?”

Lájídé nàka sí rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lórí àpótí ọ̀dà. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan lálejò, atọ́kùn ètò sì ní kó kọ orin rẹ̀ tuntun kí ayé gbọ́. Ọmọ náà júbà Olódùmarè. Ó júbà àwọn ọba aládé, ó júbà àwọn tó ti kọrin ṣáájú rẹ̀, ó kí ẹni tó fi ọkọ̀ gbé e wá, ó kí ìyàwó onítọ̀hún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òun tún ń ké sí àwọn kan ni atọ́kùn gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: àkókò ti tán, ìròyìn ló kàn.

Lájídé pa rédíò. “Kí lorin tí ọmọ yẹn kọ?”

“Kò kọ nǹkan kan, sà.”

“Bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe rí ìwọ náà nìyẹn. O kí mi, mo gbọ́, inú mi sì dùn. O kí bàbá ẹ, àwọn náà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìjúbà kọ́ lorin, Ìbíyẹmí. Ẹni tó bá júbà tán, kó kọ orin tiẹ̀ ká gbọ́.”

Pátákó oníbàtà kan dúró nílẹ̀ tí Ìbíyẹmí ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, ewúrẹ́ tó wọ bàtà olókùn. Igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo, ó ń dúró de orúkọ ọ̀gá. Lájídé ti burọ́ṣì bọ ọ̀dà funfun, ó nà án sí i.

“Orúkọ tèmi, sà?”

“Àbí ta ló yà á? Gbogbo èyí tó o ti yà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, máa sọ pé ìwọ lo yà á. Ẹni tó bá ń jiyàn, ní kó wá bi mí.”

Ìbíyẹmí kọ orúkọ ara rẹ̀ sí igun náà. Ó ya fọ́tò pátákó náà, ó sì jókòó tún ìkànnì rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wá sókè, gbàgàdà. Ó kó àwọn àwòrán tẹ̀ lé e, ó kọ bí òun ṣe ronú kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sí i. Ìbà kò kúrò níbẹ̀, ó kàn mọ níwọ̀n: “Ọ̀dọ̀ Lájídé Átíìsì ní Ìkìrun ni mo ti kọ́ṣẹ́.” Oòrùn kò tí ì wọ̀ tó fi ránṣẹ́ padà.

Wọ́n pè é. “Ṣé Ìbíyẹmí nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ṣeun, mà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọpẹ́ ni fún ọ̀gá mi, àti fún…”

Lájídé wúkọ́.

Ìbíyẹmí gé ọpẹ́ náà kúrú. “Èmi ni, mà. Èmi ni mo ya adìẹ yẹn, mo sì lè ya èyí tó dáa jù ú lọ.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń retí kí ẹnì kan wí bẹ́ẹ̀, kó máa bọ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ Ajé.

Láti ìgbà náà ni Lájídé ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì di òwe gbogbo àdúgbò. Kì í ṣe pé àwọn àgbà kò fẹ́ kí wọ́n kí àwọn o. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kó dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ń fi ọ̀wọ̀ bojú, tí àyè tó tọ́ sí i sì fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìgbà náà ni wọn yóò pè é sún mọ́ra, wọn yóò ní: “Ọmọ mi, a ti gbọ́ ìbà. Ìjúbà kọ́ lorin.”