Òfàfà àti Gèlè Orí Òkè

Kí ló ń sọ fún ọmọ ọwọ́ pé ojú ọjọ́ fẹ́ yí padà, tí yóò fi máa ta pọ́ún pọ́ún lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí kò ní sùn, tí kò ní jẹ́ kí ìyá sùn? Mo ti bi àwọn àgbà, mi ò tíì rí èsì. Ẹ súnmọ́ mi níbí, ẹ̀yin ọmọ. Ooru yìí pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká fi àlọ́ tu ara wa lára.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀ kúrò lẹ́nu mi, ó bà lé ìlú Ẹsẹ̀-Òkè, ó bá ìyá ọlọ́mọ kan níbẹ̀, ó sì bá Òfàfà, ẹranko onírun tó ń gbé inú àpáta.

Òkè gíga kan ló wà lórí ìlú yìí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ara kì í rọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Atẹ́gùn á dìde fìì, á tún dákẹ́. Ọ̀run á ṣú dùdù, oòrùn á tún yọ. Àṣà wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin àgbàdo àfi bí òkè bá wé gèlè, ìyẹn ni pé bí kùrukùru funfun bá bo orí rẹ̀. Òfàfà ni alóre wọn, òun ló ń bá wọn ṣọ́ orí òkè. Bí gèlè bá ti dé, á kọrin láti òkè. Ẹ bá mi gbè é o:

Òkè ti wé gèlè o!
*Wìnnìwìnnì!*
Òjò ti di ẹrù, ó ń bọ̀!
*Wìnnìwìnnì!*
Ẹni lágbàdo kó gbìn ín!
*Wìnnìwìnnì!*
Ẹni bá pẹ́ á fọwọ́ lérán!
*Wìnnìwìnnì!*

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Òfàfà kọrin, ìlú gbin àgbàdo. Òjò kò rọ̀. Wọ́n wa ilẹ̀ wò, wọn ò bá hóró kan. Òfàfà ní, "Ilẹ̀ ló gbóná, ilẹ̀ ló yan án jẹ!" Wọ́n gbà á gbọ́.

Àwẹ̀ró, ìyá Ìgè, wà lára àwọn tó gbìn. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Irúgbìn tó kù fún un kò ju igbá kékeré kan lọ. Bí èyí náà bá ṣòfò, oúnjẹ tán nìyẹn, omi ọyàn tán, Ìgè tí kò tíì hu eyín kò sì ní rí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Ọkàn Àwẹ̀ró kò balẹ̀. Ó dìde, ó jókòó. Ó jáde wo ọ̀run, ó wọlé ṣí igbá wò, ó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, ó tún jáde.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyàwó, ṣé ìjàlọ wọ ìdí rẹ ni? Bó o bá ń wo ọ̀run báyìí, ọ̀run á sá fún ọ!"

"Ẹ dákun, Ìyá. Ara mi ò kàn rọ̀ ni."

"Lọ fọ ìlédìí ọmọ rẹ, ara rẹ á rọ̀."

Ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí àpáta ní ẹsẹ̀ òkè, ó padà sílé. Nígbà tó yá, orí òkè funfun báláú. Òfàfà kọrin: Òkè ti wé gèlè o!

*Wìnnìwìnnì!*

Baálẹ̀ pariwo, "Ó yá o! Ẹ gbé ọkọ́! Ẹ gbin gbogbo ohun tó kù!"

Àwẹ̀ró ní, "Yéè! Ìlédìí ọmọ mi! Kùrukùru á rẹ ẹ́!" Ó pọn Ìgè, ó sáré lọ. Ó débẹ̀, funfun náà ti sọ̀ kalẹ̀ bo àpáta. Ó fa aṣọ. Aṣọ gbẹ táútáú! Ó fi nu imú ọmọ. Hàtíṣó! Ìgè sín. Ó gbé aṣọ sí imú ara rẹ̀.

"Háà! Kùrukùru a máa rẹ aṣọ. Èwo wá ni èyí tó ń rùn bí ẹja yíyan?"

Ó so ọ̀já le, ó gun òkè, hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀. Kí ló rí? Òfàfà ló kó ewé tútù lé iná, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín rẹ̀. Òkìtì àgbàdo irúgbìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Ilẹ̀ ló yan án jẹ, àbí? Ilẹ̀ ti wá ń hu irun lára báyìí?"

Òfàfà rẹ́rìn-ín kẹẹ. "Ìyá Ìgè mi àtàtà, rọra sọ̀rọ̀. Bí òjò gidi bá rọ̀, àgbàdo á hù, kí ni màá jẹ? Ilẹ̀ gbígbẹ ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀ títí màá fi lọ wà á. Jẹ́ ká pín in sí méjì. Ta ló máa mọ̀? Wo ọrùn ọmọ yẹn bó ṣe rí tín-ín-rín."

Àwẹ̀ró wo òkìtì náà. Ìgè ń fa ìka mu lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀: gbogbo ìlú ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ́ ń dún kì, kì, kì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn yẹn, ó gbé igbá irúgbìn Ìgè dání! Àwẹ̀ró ya ẹnu, ó kọrin:

Òkè ò wé gèlè o!
*Wìnnìwìnnì!*
Èéfín ni Òfàfà ń rú!
*Wìnnìwìnnì!*
Ẹ má sọ irúgbìn sílẹ̀!
*Wìnnìwìnnì!*
Aṣọ ọmọ mi gbẹ táútáú!
*Wìnnìwìnnì!*

Ọkọ́ dúró. Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ ju tirẹ̀ nù. Wọ́n ya gun òkè wùrùwùrù pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Òfàfà fò pòó, ó di orí àràbà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé orí igi, tó ń ké lóru, tí ẹnikẹ́ni kì í bá a gbè é.

Wọ́n kó irúgbìn wọn padà, ṣùgbọ́n òjò kò tíì dé. Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń sá ìlédìí sórí àpáta. Ó gbẹ. Ó tún gbẹ. Ó wá kan ìyá ọkọ rẹ̀ láti máa dìde, kó máa jókòó.

"Ìyàwó, ṣé ó ti tutù?"

"Rárá, Ìyá."

"Lọ tún un wò!"

Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òkè funfun, tí Àwẹ̀ró fún aṣọ náà, tí omi ń kán tó, tó, tó. Wọ́n gbìn. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí àrá fi sán gbàà, tí òjò dé wàà, tí Ìgè sì sùn fọnfọn lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Àlọ́ mi ti gun òkè, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wọlé jókòó. Ohun tó kọ́ wa ni pé bí ẹnìkan bá ní kẹ́ ẹ kó irúgbìn ìkẹyìn sílẹ̀, ẹ má fi ojú nìkan wo ohun tó ń fi hàn yín. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó sì ń fi ebi ẹlòmíràn yó, orí igi ni yóò sùn.

Èmi náà, ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe orí òkè ni òjò wa ti ń wá. Láti ojú òkun ló ti ń bọ̀, lápá gúúsù lọ́hùn-ún. Òkè wulẹ̀ ń rí i ṣáájú wa ni.