Ẹsẹ̀ Tó Ń Yí Lásán

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọmọ ará oko, ẹ fa àga yín sún mọ́ mi. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ gbóná bí ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé. Àwọn àgbà Òkè-Àgbọn máa ń wí pé: "Ẹ di ẹsẹ̀ tó ń yí lásán mú, kí èyí tó dúró lè gbé wa jáde." Bí àjèjì bá gbọ́ ọ, á họ orí. Ẹsẹ̀ wo ní ń yí? Ta ní ń di ẹsẹ̀ mú kó tó rìn? Ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Bàbá Fágbàmígbé bí ọmọ méjì. Ìbídùnní ni àgbà. Òun ló ń gbin ẹ̀gẹ́ sí oko etí odò láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Akíntáyọ̀ ni àbúrò. Ìlú ńlá lòun ń gbé, ó sì ní ọkọ̀ eré-sísá pupa kan tó lúgọ sílẹ̀ bí ológbò tó rí eku. Bó ṣe rà á kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí mẹkáníìkì tú ìdí ọkọ̀, kó yọ jíà tó wà níbẹ̀, kó fi èyí tó ń mú ọkọ̀ fò bí àkèré sí i. Láti ọjọ́ náà, bí Táyọ̀ bá ti fẹsẹ̀ tẹ iná, táyà ẹ̀yìn á máa yí lójú kan, á máa ké, èéfín á sì bo títì. Àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ́ ní Elééfín. Orí bàbá wọn sì ń wú. Gbogbo owó tí oko kòkó bàbá bá mú wọlé, ọ̀dọ̀ Táyọ̀ ló ń gbà lọ. Ìbídùnní kì í rí ju "o kú iṣẹ́" lọ.

Ní Òkè-Àgbọn, bí bàbá bá ti ń darúgbó, yóò lọ sọ níwájú ọba ọmọ tí yóò ni ilẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ọjà lọba ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí oòrùn bá sì ti kan àtàrí, ó dìde nìyẹn. Bàbá ti pinnu pé Táyọ̀ ni yóò gba oko etí odò. Táyọ̀ náà ti rí ẹni tí yóò tà á fún, kó lè fi ra ẹ́ńjìnnì tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìbídùnní gbọ́, kò jà. Ó ní òun á bá wọn lọ, kí òun fi etí ara òun gbọ́ ọ.

Ọjọ́ ọjà pé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ Táyọ̀, ó di ọ̀nà ààfin. Wọ́n dé oríta, àwọn ọ̀dọ́ rí ọkọ̀ pupa.

"Elééfín! Elééfín! Ṣe é fún wa!"

Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní í gbàgbé ibi tó ń lọ? Táyọ̀ fi ẹsẹ̀ kan tẹ bíréèkì, ó fi ìkejì tẹ iná. Yéè! Táyà ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dì lókùn! Èéfín funfun ròkè lálá, òórùn rọ́bà gba oríta kan, àwọn ọmọdé ń fò, àwọn oníṣu ń fi aṣọ bo imú. Bàbá ń pàtẹ́wọ́ nínú ọkọ̀, fìlà rẹ̀ ti ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọmọ mi! Ọmọ mi nìyẹn!"

Nígbà tí èéfín túká, Ìbídùnní bojú wẹ̀yìn. Ìlà dúdú ẹyọ kan ló wà lórí ọ̀dà.

"Táyọ̀, ṣebí táyà méjì ló wà lẹ́yìn. Ìkejì ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ fún onímọ́tò. Ẹ̀gẹ́ ni kẹ́ ẹ bá wa mójú tó."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n eré oríta ti jẹ wọ́n lákòókò. Táyọ̀ yà sí ọ̀nà àbùjá tó gba ẹ̀yìn àpáta, òjò àná sì ti ba ibẹ̀ jẹ́. Gbìì! Táyà òsì ẹ̀yìn rì sínú ẹrẹ̀, ti ọ̀tún wà lórí àpáta gbígbẹ. Táyọ̀ tẹ iná. Ti inú ẹrẹ̀ ń yí bí òkòtó, ti orí àpáta kò mira rárá. Ìbídùnní bọ́ sílẹ̀, ó fi èjìká ti ọkọ̀. Táyà tó ń yí bu ẹrẹ̀, ó sì dà á bò ó lójú. Bàbá wo òkè, ó rí i pé oòrùn ti fẹ́ẹ̀ kan àtàrí. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Akíntáyọ̀! Ẹsẹ̀ kan wà lórí ilẹ̀ líle níbí. Kí ló dé tí ìyẹn ò gbé wa?"

"Bàbá, bí ìdí ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn. Jíà inú rẹ̀ ló ń pín agbára. Ẹsẹ̀ tí kò rí nǹkan dì mú, tó kàn ń yí lásán, òun ló ń kó gbogbo rẹ̀ fún. Èyí tó dúró kì í rí nǹkan kan gbà."

"Kì í rí nǹkan kan?"

"Rárá o, Bàbá." Lójijì ló lu orí ara rẹ̀. "Háà! Bíréèkì ọwọ́! Bàbá, ọwọ́ mi ò lè kúrò lórí sítíárì. Ẹ bá mi fa irin yẹn sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ di ẹsẹ̀ tó ń yí lásán mú, kí èyí tó dúró lè gbé wa jáde!"

Bàbá fà á. Ọkọ̀ gbọ̀n. Yíyí táyà inú ẹrẹ̀ dínkù, ti orí àpáta jí, ó gbá ilẹ̀ mú, ó di fìrì! Wọ́n ti jáde. Ìbídùnní sáré wọ ọkọ̀ tẹrẹ̀tẹrẹ̀. Ojú ọmọbìnrin rẹ̀ ni Bàbá ń wò nínú dígí títí wọ́n fi dé ààfin.

Ọba ti fẹ́ dìde.

"Fágbàmígbé, ṣe kíá. Ta ló ni oko etí odò?"

"Kábíyèsí, Ìbídùnní ni."

Táyọ̀ ta gìrì. "Bàbá! Ṣé bá a ṣe sọ ọ́ nìyí?"

"Ìwọ lo kọ́ mi, ọmọ mi. O ní kí n di ẹsẹ̀ tó ń yí lásán mú. Mo ti dì í mú."

"Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo sọ, Bàbá!"

"Ọ̀rọ̀ mọ́tò náà ni mo gbọ́."

Ọba rẹ́rìn-ín títí adé fẹ́ẹ̀ bọ́ lórí rẹ̀.

Táyọ̀ wú fùkẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìbídùnní ló lọ bá a.

"Àbúrò mi, ẹ̀gẹ́ ti gbó létí odò, òkè ibẹ̀ sì ga. Jíà rẹ tó ń fò yẹn, ṣé ó lè gun òkè?"

"Ẹ̀gbọ́n, òkè gan-an ló mọ̀ ọ́n gùn!"

Wọ́n kó ẹ̀gẹ́ dí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹrù tẹ táyà méjèèjì mọ́lẹ̀, wọ́n di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ pupa gun òkè bí ewúrẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo: "Elééfín, èéfín dà?" Táyọ̀ yọrí lójú fèrèsé: "Ẹ̀gẹ́ ti jókòó lé e lórí!"

Ibi tí Ìbídùnní àti ìyá mi ti jọ ń bó ẹ̀gẹ́ ló ti sọ ọ́ fún un, ìyá mi ló sì fi lé mi lọ́wọ́. Bí ẹ bá wá rí ilé tí aláriwo ti ń jẹ, tí òṣìṣẹ́ ń wò ó lẹ́nu, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa wí: ẹ di ẹsẹ̀ tó ń yí lásán mú, kí èyí tó dúró lè gbé wa jáde.