Omi tí Ìfun Kò Bù fún Àlejò

Nígbà láéláé, kí oró tó dé ọwọ́ kòkòrò kankan nínú odò, Ìfun ni ó ń ṣọ́ omi ní Ìlú Ara.

Ilé rẹ̀ gùn, ó sì rí kọ́lọkọ̀lọ. Àìmọye ìlẹ̀kùn kéékèèké ló wà lára ògiri rẹ̀, ẹ̀yìn wọn sì ni omi gbogbo ìlú wà. Tí oúnjẹ bá ń kọjá, Ìfun á ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀, á ta omi sí i kí ó rọ̀, á sì tètè fa omi náà padà. Omi kì í ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi tu gbogbo ìlú. Ojú ń tàn, Ahọ́n ń rọ̀, awọ Ìka sì ń dán bí èèpo àgbálùmọ̀.

Àwọn àlejò kéékèèké pọ̀ nílé Ìfun. Ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n ń jẹ àjẹkù, wọ́n ń bá Ìfun lọ oúnjẹ tó bá le, wọn kì í sì í ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá wọlé, omi ni Ìfun kọ́kọ́ máa ń bù fún un. Ìgbà tó bá mu ún tán ni Ìfun yóò tó béèrè ohun tó bá wá.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan dé láti inú odò. Àìfojúrí ni orúkọ rẹ̀. Ó tẹ̀ bí èékánná tí wọ́n gé sọnù, ìrù kan ṣoṣo ló sì ní. Ọmọ méje ló kó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń la ilé Ikùn kọjá, omi kíkan tó ń hó níbẹ̀ pa mẹ́fà. Èyí tó kù wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ti bó.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ilé o, Bàbá Ìfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi díẹ̀ fún mi. Omi kíkan ló jó ọmọ mi."

Ìfun wò ó. Omi odò ṣì ń kán lára rẹ̀. Ẹ̀rín pa Ìfun.

"Omi kẹ̀? Ìwọ tí odò bí? Ta ló ń bu omi fún ẹja?"

Àwọn àlejò yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ bu iyanrìn fún un, kó fi bọ́jú!"

Àìfojúrí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń lá ètè rẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe àwàdà. Ààbọ̀ igbá náà tó."

"Jókòó síbẹ̀ ná," ni Ìfun wí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣìkà. Ó kàn rò pé ẹni tó ti inú omi wá kò lè ṣaláìní omi ni. Nígbà tó fi máa bojú wẹ̀yìn, Àìfojúrí ti sọ ọmọ náà kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sì ti fi ìrù bò ó lójú. Ọmọ náà kò mí mọ́.

Ìfun sáré bu omi wá. "Gbà, jọ̀ọ́, gbà!"

Àìfojúrí kò gbà á. "Ó ti tán, Bàbá. Ìlẹ̀kùn tí ẹ kò ṣí fún ọmọ mi, ẹ ò ní lè tì í mọ́."

Ó lọ sí kọ̀rọ̀ kan. Ó po omijé rẹ̀ pọ̀ mọ́ omi kíkan tó pa àwọn ọmọ rẹ̀, títí ó fi di oró. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ń fi ìrù kan àwọn ìlẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dágbére. Èyí tó bá fi kàn, gbayawu ni yóò ṣí, kò sì ní padé mọ́.

Omi ya. Ó funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ìfun fẹ̀yìn ti èyí, ó fẹsẹ̀ ti ìyẹn, kò ràn án. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Ojú ti wọnú ihò lọ. Ó fẹ́ sunkún, kò rí omijé. Awọ Ìka hunjọ. Ọkàn, ọba ìlú, ránṣẹ́ pé, "Ìfun, kí ni mo gbọ́ yìí? Ẹ̀jẹ̀ ti ki bí ògì, kò lè rìn mọ́."

"Kábíyèsí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é," ni Ìfun dáhùn.

Àsìkò náà ni Iyọ̀ àti Oyin gba Ẹnu wọlé. Àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn rìn. Ìlẹ̀kùn kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tí Àìfojúrí kò rí, ibẹ̀ ni omi ń gbà padà sínú ìlú. Iyọ̀ tì í, kò ṣí. Oyin tì í, kò ṣí.

"Ṣé o ò jẹun ni?" Iyọ̀ fi Oyin ṣẹ̀sín.

"Ìwọ tó jẹun, ṣebí a rí ọ," Oyin dá a lóhùn.

Ìfun fi ìwọ̀nba ohùn tó kù fún un kígbe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ tì í!"

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n tì í, ó ṣí. Omi tẹ̀ lé wọn wọlé. Díẹ̀díẹ̀, Ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ìlú Ara kò kú. Ṣùgbọ́n omi tó ti ya jáde ti dé odò. Àìfojúrí bá a lọ. Ó bí ọmọ púpọ̀ lọ́nà, gbogbo wọn ló sì mọ oró í pò. Omi odò yẹn ni wọ́n ń mu ní Ìlú Ara Kékeré, níbi tí Tínńtín, àbúrò kan ṣoṣo tí Ìfun ní, ti ń ṣọ́ omi. Omi ìlú yẹn kò sì pọ̀.

"Ẹ sáré lọ bá àbúrò mi!" Ìfun bẹ Iyọ̀ àti Oyin.

Wọ́n sáré. Nígbà tí wọ́n padà dé, Iyọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, a pẹ́," ni Oyin wí. "Ẹnu ìlú náà ti padé ká tó dé ibẹ̀. A ò rọ́nà wọlé."

"Ṣé Tínńtín náà ṣẹ àwọn àlejò yẹn ni?"

"Rárá o. Àwọn aládùúgbò ní ó ti bu omi fún wọn kí ó tó béèrè orúkọ wọn."



Láti ọjọ́ náà ni oró ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Àìfojúrí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni ìfun kì í ti í lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ bí oró yìí bá kàn án, tí àrùn onígbá-méjì fi ń gbẹ ènìyàn bí ewé inú oòrùn. Iyọ̀ kò sì dá ìrìn yẹn rìn mọ́. Òun àti ohun dídùn ni wọ́n jọ ń lọ.

Bí ilé bá sì dákẹ́, tí o gbọ́ tí inú rẹ ń dún, gbùrù, gbùrù, Ìfun ni. Tínńtín ló ń pè. Kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn.